AC ọkọ̀ àbí gíláàsì ṣíṣí: èwo ló ń jẹ epo jù nínú ooru yìí?

Mídé Mowé
Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Láti Mowé ni mo ti ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà lójoojúmọ́. Corolla tókùnbọ̀ ni, ti ọdún 2006. Kúnlé, àbúrò ìyàwó mi, la jọ ń lọ. Ó máa ń dá owó epo, ìyẹn ló fi lẹ́nu nínú ọkọ̀ ju èmi tí mo ni ín lọ. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bíi ₦190, tó fi wá ń rìn ní àyíká ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí, Kúnlé ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan AC mọ́. Màá kàn na ọwọ́ báyìí, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, epo lẹ fẹ́ dà sílẹ̀ yẹn o."

Lánàá, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ sè wá bí ẹ̀wà. Ṣẹ́ẹ̀tì mi lẹ̀ mọ́ àga pátápátá. Ohun tí èmi gbọ́ ni pé bí ọkọ̀ bá ti ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, gíláàsì tí a ṣí sílẹ̀ gan-an ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, pé AC sàn jù ú lọ. Kúnlé ní irọ́ ni, pé fàájì ló ń yọ mí lẹ́nu. A ti fi àmàlà àti ẹran ògúnfe ta tẹ́tẹ́. Ta ló jàre?

Bàbá Oní-Micra
Kúnlé ló jàre. Ẹjọ́ tán. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń fi takisí jẹun n'Ìbàdàn. Kó tó kan Micra, Datsun ni mo wà. AC tó bá èyí tí mo ń wà báyìí wá, mo ti tú bẹ́líìtì rẹ̀ sọnù láti ọ̀sẹ̀ tí mo rà á. Afẹ́fẹ́ Ọlọ́run ò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ooru ò tíì fọwọ́ kàn yín tán tẹ́ ẹ ti ń wá yìnyín.

Wálé Houston
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ò ní ṣìnà. Lójú tèmi, Kúnlé jàre, Ẹ̀gbọ́n Mídé náà jàre, ó kù síbi tí ọkọ̀ wà lásìkò tí wọ́n ń jà. Houston tí mò ń gbé yìí, bí oṣù Keje bá dé, ẹ máa rò pé Èkó lẹ wà, pẹ̀lú òógùn àti gbogbo rẹ̀, nítorí náà mo ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni ọkàn AC ọkọ̀. Bẹ́líìtì ló ń yí i, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí bẹ́líìtì. Ohunkóhun tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, epo ló ń bọ́ ọ. Ibi tí Kúnlé ti jàre nìyẹn. Àmọ́ afẹ́fẹ́ náà ń gba owó orí tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré sí i ni afẹ́fẹ́ ń tì í padà, títì yẹn kì í sì í rọra gòkè: bí eré bá di ìlọ́po méjì, títì á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí gíláàsì bá wà ní títì, afẹ́fẹ́ á yọ̀ lára ọkọ̀ kọjá. Bí ẹ bá ṣí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, á wọlé, á máa jà kiri inú ọkọ̀. Ẹ wo ẹni tó ń sáré tete tó tún wọ agbádá, tí kò ká a sí èjìká. Bí ọkọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Nínú ìlú, níbi tẹ́ ẹ ti ń fi 30 tàbí 40 km/h rìn, agbádá yẹn ò wúwo, ẹ ṣí gíláàsì. Lójú ọ̀nà tó já gaara, tẹ́ ẹ bá ti ń lé ní 80, ẹ tì í kẹ́ ẹ tan AC. Ẹ má fi 80 yẹn búra o, ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Jíìpù tó rí bí àpótí, afẹ́fẹ́ ti ń bá a fà á tẹ́lẹ̀, ṣíṣí gíláàsì ò fi bẹ́ẹ̀ dá kún un. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ bíi Corolla ló máa ń mọ̀ ọ́n lára jù.

Bàbá Oní-Micra
80 níbo? Láti Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀?

Dàpọ̀ Aláwàdà
Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n Mídé bóyá wọ́n ti rí 80 rí ní Berger láago méje àárọ̀. Ìgbín ló máa ń kọjá lára wọn níbẹ̀, á tún juwọ́ sí wọn.

Mídé Mowé
Dàpọ̀, o ò ní dáa. Láti Mowé dé Arẹ́pò, bí ọ̀nà bá dáa, mo máa ń ta ọgọ́rùn-ún. Láti OPIC dé Berger, ogún gan-an, n kì í rí i. Wálé, ó túmọ̀ sí pé mo jàre ní ìdajì ọ̀nà nìyẹn. Ìdajì àmàlà kọ́ ni mo ta o.

Kúnlé K.
Ẹ kú ìjókòó o. Èmi gan-an ni Kúnlé. Wọ́n ti fi orúkọ mi dárà kí n tó jí.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí bọ̀ọ̀dá mi ò sọ. Láàárọ̀, kí a tó kúrò nílé, wọ́n á tan ọkọ̀, wọ́n á tan AC dé òpin, wọ́n á ti gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n á wá padà wọlé lọ mu tíì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko! Ọkọ̀ á máa gbọ̀n níta, kò sẹ́mìí kankan nínú rẹ̀. Bí a bá wá dé Berger tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ̀rẹ̀, AC ọ̀hún á yí padà, ooru láá máa fẹ́ sí wa lójú, ọwọ́ tó ń ka gbígbóná ẹ́ńjìnnì á máa yọ́ gòkè. Àwa méjèèjì á wá ṣí gíláàsì náà ni. Ẹ̀yin ará, ṣé èyí náà ni kí n máa dá owó fún?

Dàpọ̀ Aláwàdà
Ọkọ̀ wà nínú AC, olówó ọkọ̀ wà nídìí tíì gbígbóná. Ọmọ ọba ni Corolla yẹn.

Fúnkẹ́ Marina
Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ẹ̀gbọ́n Mídé, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Mídé Mowé
Ọkọ̀ máa ń gbóná ni o, iwájú òòrùn ló ń sùn. Mo fẹ́ kó ti tutù ká tó wọ̀ ọ́.

Wálé Houston
Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n Kúnlé ti borí níbí. Ọkọ̀ tó dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń rọra yí ni, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà á sì máa rọra yí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìdúró lè má tutù tó ìṣẹ́jú mẹ́ta ìrìn. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ti ń sọ èyí fún àwọn awakọ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́: ẹ má ṣe dúró tan AC sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Wọ́n ní bí ooru bá mú gan-an, AC lè gé ìrìn tí epo ń gbé ọkọ̀ kù ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, pàápàá bí ìrìn náà bá kúrú. Ẹ ò gbọ́? Bó bá kúrú. Torí ìbẹ̀rẹ̀ ni AC ti ń ṣe wàhálà jù, nígbà tó ń lé ooru tó ti wà nílẹ̀. Bí inú ọkọ̀ bá ti tutù tán, iṣẹ́ rẹ̀ á fúyẹ́.

Nítorí náà, ẹ má fi AC lé ooru àkọ́kọ́ yẹn. Inú ọkọ̀ tó sùn sínú òòrùn máa ń gbóná ju ìta lọ fíìfíì, torí ìmọ́lẹ̀ òòrùn ń gba gíláàsì wọlé, ooru rẹ̀ ò wá rọ́nà jáde. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ wọlé, ẹ sọ gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀, ẹ gbéra. Ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, afẹ́fẹ́ ìta á ti gbá ooru yẹn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó ti gíláàsì, kẹ́ ẹ tan AC, kẹ́ ẹ fún fáànù lágbára, kẹ́ ẹ sì tẹ bọ́tìnnì tó ní àwòrán ọkọ̀ pẹ̀lú ọfà tó tẹ̀ kọrọdọ nínú rẹ̀. Bọ́tìnnì yẹn ni kì í jẹ́ kí AC máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná ìta mọ́, èyí tó ti tutù nínú ọkọ̀ láá tún máa tutù sí i.

Bàbá Oní-Micra
Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin náà padà síbi gíláàsì ṣíṣí. Òyìnbó kàn fi ìṣẹ́jú méjì sí i ni.

Fúnkẹ́ Marina
Ẹ̀yin ọkùnrin, epo nìkan lẹ ń kà. Orí Third Mainland Bridge ni mò ń gbà lọ sí Marina láràárọ̀, afárá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjìlá. Bí ọ̀nà bá dì lórí rẹ̀, tí mo wá ṣí gíláàsì bí Kúnlé ṣe fẹ́, ta ló máa ra fóònù míì fún mi? Àwọn tó ń já nǹkan gbà ò ní bi mí bóyá epo ni mò ń ṣọ́ jẹ. Ká tiẹ̀ ní kò sólè, èéfín dáńfó tó wà níwájú mi ńkọ́? Ọmọ mi obìnrin ní ikọ́ fée. Ẹ wá bá mi ṣírò owó tí mò ń ná sórí oògùn rẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé owó epo. Gíláàsì tèmi wà ní títì. Kí AC jẹ èyí tó bá fẹ́ jẹ.

Kúnlé K.
Àǹtí Fúnkẹ́, mo gbà fún yín. Àmọ́ AC tiyín ń tutù. Tiwa ń fẹ́ èéfín náà wọlé fún wa ni, ó tún ń gbé e gbóná.

Oní-AC Ládípọ̀
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò yín. AC ọkọ̀ niṣẹ́ mi ní Ládípọ̀, Múṣin, ọwọ́ mi ṣì wà nínú gírísì bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ọ̀gá Mídé, ẹ̀yin àti àbúrò yín ń jà lórí epo, ọkọ̀ yín sì ń ké pé ara òun ò yá. AC tó ń tutù bí ọkọ̀ bá ń sáré, tó wá ń gbóná bí ọkọ̀ bá dúró, gáàsì kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá níbẹ̀. Fáànù ni. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Nǹkan pẹrẹsẹ tó jọ rédíétọ̀, tó wà níwájú rédíétọ̀ gan-an, kọndẹ́ńsà nìyẹn. AC ò dá òtútù o, kò sí ẹ̀rọ tó ń dá òtútù. Ooru inú ọkọ̀ ló ń kó, tó ń gbé e lọ dà sí kọndẹ́ńsà, kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbé e lọ. Bí ẹ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á gbé e. Bí ẹ bá dúró ní Berger, fáànù nìkan ló kù tó lè gbé e. Bí fáànù bá ti kú, tàbí tó ń yí bí ẹni tí kò jẹun, ooru á jókòó síbẹ̀, agbára inú páìpù á ga, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á máa tiraka lásán, rédíétọ̀ tó wà lẹ́yìn á tún gba ìpín tirẹ̀. Ohun tó ń ti ọwọ́ tí Kúnlé rí gòkè nìyẹn. Epo ń lọ, òtútù ò wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan AC yẹn ní Berger mọ́ títí tẹ́ ẹ máa fi ṣe é, kẹ́ ẹ má lọ ra ẹ́ńjìnnì.

Kí n tó lọ, ọ̀rọ̀ gáàsì. Inú mi kì í dùn bí oníbàárà bá dé tó ní, "Wá rọ gáàsì fún mi, ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti tán." Ta ló jẹ gáàsì? Gáàsì AC kì í jó bí epo. Inú páìpù tó dí pa ló ń yí po, ìyẹn kan náà, láti ọdún dé ọdún. Bó bá ń dín kù kíákíá báyẹn, ibì kan ń jò. Kẹ́ ẹ wá ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó da owó sínú agbọ̀n. Bó bá sì dọ̀rọ̀ rírọ̀, ìwọ̀n ni, kì í ṣe "ó ti tó." Nǹkan bí ìdajì kílò ni púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké ń gbà, wọ́n sì kọ iye gíráàmù rẹ̀ sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá pọ̀ jù, kò ní tutù, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á tún máa rù ju ẹrù rẹ̀ lọ. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní R134a ni Corolla yẹn ń lò, òun ló gba ipò èyí tí wọ́n ń pè ní R12 láti bí ọdún 1994, nígbà tí ayé rí i pé R12 ń lu awọ òfuurufú tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ òòrùn ní ihò. Àwọn ọkọ̀ tuntun ń lo R1234yf. Ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni pò wọ́n pọ̀. Ẹ má sì gbà kí wọ́n rọ gáàsì ìdáná sí i nítorí pé kò wọ́n. Iná ni nǹkan yẹn, iwájú ẹ́ńjìnnì gbígbóná ló sì máa wà.

Mídé Mowé
Ọ̀gá, ojú tì mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rọ gáàsì lọ́dún tó kọjá.

Oní-AC Ládípọ̀
Ẹni tó rọ ọ́ ni kójú tì. Ṣé ó fi ohun èlò wá ibi tó ń jò?

Mídé Mowé
Ó fọwọ́ kan páìpù, ó ní, "Ó ti tutù, ọ̀gá."

Oní-AC Ládípọ̀
Hẹn.

Òmíràn rèé. Àwọn kan máa ń yí bọ́tìnnì òtútù sí àárín, láàárín búlúù àti pupa, wọ́n á ní àwọn ń ṣọ́ epo. Nínú ọkọ̀ bíi ti Ọ̀gá Mídé, ìyẹn ò dín kọ́bọ̀ kù. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á kọ́kọ́ mú afẹ́fẹ́ tutù dé òpin, ọkọ̀ á wá fi omi gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnnì mú un lọ́wọ́ọ́rọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ san owó òtútù, ẹ tún fi ooru bà á jẹ́. Ẹ fi í sí ibi tó tutù jù, bí òtútù bá wá pọ̀ fún yín, fáànù ni kẹ́ ẹ dín. Bí fáànù bá rọlẹ̀, AC á tètè dé ibi tó ti ń pa ara rẹ̀, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á sinmi.

Wálé Houston
Ọ̀gá Ládípọ̀, fún Corolla 2006, mo gbà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ní ọkọ̀ tuntun gbọ́ o. Àwọn tó ní AC tó ń wọn ooru fúnra rẹ̀, tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wọn lè dín iṣẹ́ kù tàbí tó jẹ́ iná mànàmáná ló ń yí i bíi ti hybrid, ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pọ̀, bí wọ́n bá fi sí 24 dípò 18, wọ́n á rí i lára epo.

Oní-AC Ládípọ̀
Mélòó nínú irú ọkọ̀ yẹn lẹ rò pé ó ń wọ Ládípọ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ ti èyí tó wà nílẹ̀.

Wálé Houston
Wọ́n ń bọ̀, ọ̀gá. Èyí tá à ń wà níbí lónìí lẹ máa tún ṣe níbẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Oní-AC Ládípọ̀
Ìyẹn náà ò kúkú ní irọ́ nínú.

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́
Mo fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ọfà yẹn, torí mo rí i pé gbogbo yín ti gbà pé kó wà níbẹ̀ títí. Rárá o. Bí èèyàn mẹ́rin bá ń mí sínú ọkọ̀ tó dí pa fún wákàtí kan, èémí tí wọ́n ń mí síta ló ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Orí á máa wúwo, oorun á máa kun awakọ̀. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́nà jíjìn, ẹ máa pa bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dá a padà.

Èkejì, ẹ jọ̀ọ́, torí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Wálé ní inú ọkọ̀ ń gbóná ju ìta lọ. Ṣé ẹ mọ bó ṣe yá tó? Nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ó lè fi nǹkan bí 11°C gòkè. Ṣíṣí gíláàsì díẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ara ọmọdé sì ń gbóná ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ju ti àgbà lọ. "Mo kàn fẹ́ sáré ra búrẹ́dì" ò sí níbẹ̀ o. Ẹ gbé ọmọ yín dání. Ẹ má sì sọ pé ẹ fi AC sílẹ̀ fún un; ẹ́ńjìnnì lè kú lẹ́yìn yín.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ń sùn sínú ọkọ̀ pẹ̀lú AC nítorí pé kò síná nílé. Bí ọkọ̀ bá wà nínú gáréèjì tàbí níbi tí ògiri yí ká, èéfín rẹ̀ ń padà wọlé. Èéfín náà ní májèlé tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Ẹni tó ti sùn ò ní mọ̀.

Fúnkẹ́ Marina
Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Ti ìkẹta yẹn, aládùúgbò wa kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ báyẹn.

Mo fẹ́ bèèrè: gíláàsì dúdú ńkọ́? Ṣé kò ní dín iṣẹ́ AC kù?

Dàpọ̀ Aláwàdà
Á dín iṣẹ́ AC kù, á fi kún iṣẹ́ ọlọ́pàá. Àǹtí, láti ọdún 1991 ni òfin ti wà lórí gíláàsì dúdú. Bẹ́ ẹ ò bá gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ojú ọ̀nà lẹ máa wà nínú òòrùn tẹ́ ẹ máa ṣàlàyé ara yín, AC á wà ní pípa.

Bàbá Oní-Micra
Páálí! Ẹ ra páálí kan, ẹ gé e, ẹ gbé e sí gíláàsì iwájú bẹ́ ẹ bá ti páàkì. Tàbí kẹ́ ẹ páàkì sábẹ́ igi. Èmi ní abẹ́ igi máńgòrò kan ní Sábó tí ẹnikẹ́ni ò lè bá mi dù.

Dàpọ̀ Aláwàdà
Bí máńgòrò bá wá bọ́ lu bónẹ́ẹ̀tì ńkọ́, Bàbá?

Bàbá Oní-Micra
Màá jẹ ẹ́.

Oní-AC Ládípọ̀
Bàbá, n kì í bá àgbà jiyàn, àmọ́ bẹ́líìtì tẹ́ ẹ tú yẹn dùn mí. Òróró tó ń tọ́jú kọ̀mpúrẹ́sọ̀, gáàsì ló ń gbé e kiri. AC tí a ò tàn fún oṣù mélòó kan, àwọn rọ́bà inú rẹ̀ á gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kódà nígbà ọyẹ́. Tiyín yẹn, bẹ́ ẹ bá fẹ́ jí i báyìí, ọwọ́ á kan àpò.

Bàbá Oní-Micra
Ta ló fẹ́ jí i? Ọmọ mi, gbọ́. Èrò mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà nínú ọkọ̀ mi. Ọ̀kan á sọ̀ ní Òkè Pádì, òmíràn á wọlé ní Àgbẹ̀ni, ẹlòmíràn á ní òun gbàgbé nǹkan, kí n dúró. Ilẹ̀kùn mi ò sinmi. Bí mo bá tan AC, gbogbo Ìbàdàn ni màá máa mú tutù, mi ò sì tíì gbọ́ pé ìjọba fẹ́ san owó rẹ̀ fún mi.

Wálé Houston
Bàbá, ẹ̀yin lẹ jàre jù lọ níbí. Ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí ní gbogbo ìgbà, kò sí bí AC ṣe lè sinmi nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ìtàn kan rẹ́rìn-ín pẹ̀lú yín. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ fi AC sí fún títà níbí, Packard ni, wọ́n gbé e jáde ní 1939. Kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n lè fi dá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ dúró. Bí òtútù bá pọ̀ jù fún ẹni tó ni ín, á páàkì, á pa ẹ́ńjìnnì, á ṣí bónẹ́ẹ̀tì, á yọ bẹ́líìtì. Ohun tẹ́ ẹ ṣe sí Micra yín gan-an nìyẹn, Bàbá. Ẹ̀yin àti àwọn olówó ìgbà yẹn lẹ jọ ń ṣe bákan náà.

Bàbá Oní-Micra
Ẹ ti gbọ́. Ẹ máa pè mí ní Packard.

Kúnlé K.
Kí ni kí n ṣe láàárọ̀ ọ̀la báyìí? Ẹ sọ ọ́ ṣókí.

Wálé Houston
Kò sí tíì mímu lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbéra, gíláàsì ní ṣíṣí. Bẹ́ ẹ bá ti dé ojú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ tì í, AC. Ní OPIC, pẹ̀lú fáànù yẹn bó ṣe wà, ẹ pa á.

Fúnkẹ́ Marina
Kẹ́ ẹ sì gbé fóònù yín pa mọ́.

Oní-AC Ládípọ̀
Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kẹ́ ẹ dé Ìkẹjà, ẹ pa AC, ẹ jẹ́ kí fáànù nìkan máa fẹ́. Omi tó wà níbi tí òtútù ti ń jáde á gbẹ. Òórùn bí aṣọ tí a ká ní tútù tó máa ń jáde láàárọ̀ yẹn, ibẹ̀ ló ti ń wá. Kẹ́ ẹ tún wo fílítà tó wà lẹ́yìn àpótí iwájú èrò. Ó dá mi lójú pé ẹ ò tíì ṣí i rí.

Mídé Mowé
Fílítà wà níbẹ̀?

Oní-AC Ládípọ̀
Ọlọ́run ṣàánú.

Mídé Mowé
Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, mo padà dé. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ AC nítòsí wa. Fáànù kọndẹ́ńsà ti kú, ọmọ náà ní ó ti pẹ́ tó ti kú. Eruku àti ìyẹ́ adìẹ ló kún ojú kọndẹ́ńsà, ẹ má bi mí bí adìẹ ṣe débẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi, ó pààrọ̀ fáànù, ó rí ibi tó ń jò lára páìpù kan, ó di í, ó sì fi òṣùwọ̀n rọ gáàsì. Fílítà yẹn, ẹ̀yin ará, ewé ni mo bá níbẹ̀. Ewé gidi.

Lánàá, a dúró ní Berger fún ogójì ìṣẹ́jú, AC ń tutù, ọwọ́ ẹ́ńjìnnì wà láàárín, kò mira. Kúnlé wọ súwẹ́tà.

Kúnlé K.
Mi ò wọ súwẹ́tà. Jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ni. Bọ̀ọ̀dá mi tún ní kí n dá ìdajì owó fáànù, mo sì ti dá a, torí náà láti Mowé dé Arẹ́pò, èmi ni màá máa tẹ bọ́tìnnì AC láti òní lọ.

Dàpọ̀ Aláwàdà
Àmàlà ńkọ́? Ta ló borí?

Mídé Mowé
A gbé ẹjọ́ náà wá síwájú ìyàwó mi. Ó ní òun ló ni ọkọ, òun ló ni àbúrò, ẹni tó bá jẹbi nínú àwa méjèèjì, owó òun náà ló máa bá a lọ. Ó gba owó àmàlà lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ó sì dá nìkan jẹ ẹ́.

Bàbá Oní-Micra
Obìnrin yẹn mọ ìṣirò.